Bí a ṣe ń ka "outrage" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí a sì ń tú u sí Yorùbá

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn ni mo kọ́kọ́ kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Mo wá rò ó pé ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: ẹni tó ń tú lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì, ẹni tó ń wá ìtàn ìdílé rẹ̀ nínú ìwé ìjọba, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń ṣi gbogbo wọn lọ́nà nítorí pé wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. "Outrage" ni ọ̀rọ̀ náà.

Lónìí, bí ìwé ìròyìn bá kọ "outrage" sí àkọlé, inú ló ń bí àwọn ènìyàn. Gómìnà sọ̀rọ̀ kan, ará ìlú fárígá, wọ́n pè é ní "outrage". Ẹni tó bá gbé ìtumọ̀ yìí wọ inú ìwé tí wọ́n kọ ní 1867 tàbí 1904, ó ti ṣìnà kó tó dé ìlà kejì. Ohun tí ẹnìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni "outrage" nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n na ènìyàn ní pàṣán, wọ́n ju bọ́ǹbù: iṣẹ́ láabi yẹn gan-an ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, yálà inú bí ẹnikẹ́ni sí i tàbí inú kò bí wọn.

Ẹ yọ ìbínú kúrò nínú rẹ̀ ná

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú ló ń fa àṣìṣe. Ẹni tó bá wò ó yóò rí "out", yóò rí "rage", yóò sì parí rẹ̀ sí pé ìbínú tó tú síta ni. Látinú Látìn ló ti wá, láti ara "ultra", tó túmọ̀ sí "ní ìkọjá". Àwọn Faransé ayé àtijọ́ fi "-age" kún un nídìí, irú èyí tó wà nídìí "courage" àti "village", wọ́n ń pè é ní "oltrage", nígbà tó yá ó di "outrage". Ní nǹkan bí ọdún 1300 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ti "rage", ara "rabies" Látìn ni òun ti wá, ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà ṣì ń lò fún àrùn ajá dìgbòlugi. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló pín ọ̀rọ̀ àlejò náà sí méjì bí wọ́n ṣe ń pè é, ohun tí wọ́n rò pé àwọn gbọ́ nínú rẹ̀ sì fà á díẹ̀díẹ̀ sí ìhà ìwà ipá àti ìrunú.

Rírékọjá ààlà ni ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí àwa ń pè ní àṣejù. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1400, kọ ewì kan nípa àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ tí ayé wọn tutù, ó sì ní wọn kò fi "outrage" kẹ́ ara wọn bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu ló wà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀: èso tí oko bá mú wá ni wọ́n ń jẹ, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí ẹ bá ń tú Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà tó báyìí, "àṣejù" ni kí ẹ kọ, tàbí "àjẹjù", "àmujù", "ìwà wọ̀bìà", bí ohun tó wà níwájú yín bá ṣe rí. Àwọn àgbà tó ní àṣejù ni baba àṣetẹ́ ti sọ ìtàn ọ̀rọ̀ yìí tán, nítorí láti inú àṣejù ló gbà bọ́ sínú ìwà ipá, ó sì ti inú ìwà ipá bọ́ sínú ìwọ̀sí.

"Outrageous" náà rìn ní ọ̀nà kan náà. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì 1611, Òwe 27:4 sọ pé "anger is outrageous". Bí "outrageous" bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbínú, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìbínú ń bínú, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà nídìí ẹsẹ náà jẹ mọ́ omi tó kún bo bèbè rẹ̀ tó sì ń ya lọ. Ẹ wo bí ó ṣe bá "rírékọjá ààlà" mu. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá yín sí ẹsẹ kan náà kí ẹ wo ohun tí àwọn tó tú u mú. Bákan náà ni "outrageous fortune" Shakespeare tí a há sórí ní sẹ́kọ́ńdìrì: kádàrá tó ń ṣe ẹ̀dá ní ìkà kọjá ohun tó ṣeé fara dà ló ń sọ.

Ẹ wo ohun tó dúró tì í

Kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè rárá, gírámà gbólóhùn náà ti lè sọ fún yín èwo ni. Bí ẹ bá rí i pẹ̀lú "s" nídìí, "outrages", tàbí pẹ̀lú "an" níwájú, iṣẹ́ ọwọ́ ni, nítorí ohun tó ṣeé kà ní oókan, eéjì ni. Bí "commit" bá wà nítòsí, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Bí "on" tàbí "upon" bá tẹ̀ lé e, ẹni tàbí nǹkan tí wọ́n ṣe é sí ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí orúkọ ìlú bá ṣáájú rẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó ni, ó sì ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ bí "at" tàbí "over" bá tẹ̀ lé e, tàbí tí wọ́n bá sọ pé ó gba ìlú kan, ìbínú ni, ó sì ṣeé ṣe kí ìwé náà má pẹ́ púpọ̀. Ìtumọ̀ ìbínú yìí kò gbilẹ̀ títí di ọ̀rúndún ogún.

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn kan dán an wò, irú èyí tó pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìgbà Ọbabìnrin Victoria: "Three outrages were reported in the district on Sunday night." Ọmọ kan lọ́dọ̀ mi tú u báyìí: "Àwọn ènìyàn bínú gidigidi nígbà mẹ́ta ní àgbègbè náà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú." Yorùbá rẹ̀ já gaara, kò sí àléébù lára àmì ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó jó, màlúù tí wọ́n ṣe léṣe, ọkùnrin tí wọ́n lù ní ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ti pòórá. Àwọn tí ìyà jẹ kò sí nínú ìtàn mọ́, àwọn tó ń bínú nìkan ló kù. Mo ní kó tún un kọ, ó sì kọ ọ́ pé: "Wọ́n mú ìròyìn iṣẹ́ láabi mẹ́ta wá láti àgbègbè náà ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú." Ìyẹn ti tọ́. Iṣẹ́ tó kù ni pé kó ka ìwé náà síwájú kó lè mọ ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́, nítorí pé bí ìwé bá ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò yẹ kí ògbufọ̀ dúró sórí "iṣẹ́ láabi".

Ẹ má ka iye rẹ̀ bí ẹni ń ka òkú

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì pátápátá ni Ireland. Láti ìgbà tí òfin 1836 ti sọ àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kọ ohun tí wọ́n ń pè ní "outrage report" ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Dublin. Orí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà náà wà: àwọn àgbẹ̀ tó ń yá ilẹ̀ ro lọ́wọ́ onílẹ̀, owó ilẹ̀ ga, wọ́n ń lé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ro. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ tí wọ́n lé aládùúgbò rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, àwọn kan lè wá lóru gé iṣan ẹsẹ̀ màlúù rẹ̀, wọ́n lè sun koríko tó kó jọ fún ẹran rẹ̀, wọ́n lè yìnbọn lu fèrèsé rẹ̀. "Outrage" ni gbogbo ìyẹn nínú ìwé ọlọ́pàá.

Àmọ́ "outrage" náà ni lẹ́tà. Bí ẹnìkan bá kọ lẹ́tà tí kò forúkọ sí, tó ya pósí sí i, tó sọ pé bí ẹni náà kò bá kúrò lórí ilẹ̀ yẹn ikú ni yóò rí, ọlọ́pàá yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń kọ ìpànìyàn sílẹ̀. Ní ìgbà ìjà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Land War", láti 1879 sí 1882, lẹ́tà ìdẹ́rùbà wà lára ohun tó pọ̀ jù nínú iye tí wọ́n ń kà fún àwọn aṣòfin ní London. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i níbì kan pé "outrages" ọdún kan ní Ireland pọ̀ lọ bẹẹrẹbẹ, ẹ má sáré kọ "ìkọlù" tàbí "ìpànìyàn". Ẹ wádìí ohun tó wà nínú iye náà. Bí kò bá sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ ọ́n, ẹ kọ "ọ̀ràn ìwà ipá àti ìdẹ́rùbà". Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní London ń fi iye yẹn wá òfin tó le sí i fún Ireland. Ẹni tó bá tú gbogbo rẹ̀ sí "ìpànìyàn" lónìí tún ń bá wọn parí iṣẹ́ wọn.

Ní Sheffield, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ àti ayùn, "outrages" túmọ̀ sí ohun mìíràn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń pọ́n ayùn ń fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀ láti san owó ẹgbẹ́ tàbí tó bá bá ọ̀gá tí wọ́n ń bá jà ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn bẹ́líìtì ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n máa jí kó má lè ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀tù ni. Ní oṣù Kẹwàá 1866, ẹ̀tù bú gbàmù ní ilé ọ̀kan nínú irú wọn, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ dìde ní 1867. Ìgbìmọ̀ náà ṣèlérí ìdáríjì fún ẹni tó bá sọ òótọ́, William Broadhead, akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, sì jẹ́wọ́ pé òun ló ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe é. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni ìwádìí ti dé orí gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi di pé òfin 1871 fún wọn ní ààbò. Bí ẹ bá wá ń ka ìwé nípa Sheffield, "outrage" lè jẹ́ bẹ́líìtì tó sọnù, ó sì lè jẹ́ ilé tó wó. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni yóò sọ fún yín.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí mo máa ń lò fún àwọn tó gbà pé ẹni tó bá ṣe "outrage" ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìkà. Ní òru tó mọ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá 1904, ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà tó ń lọ bá Japan jà pàdé ọkọ̀ àwọn apẹja láti Hull ní Òkun Àríwá, níbi tí wọ́n ń pè ní Dogger Bank. Àwọn Rọ́ṣíà rò pé ọkọ̀ ogun Japan ni, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yìnbọn. Apẹja méjì kú lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Crane rì, nínú ìdààmú náà àwọn ọkọ̀ Rọ́ṣíà tún yìnbọn lu ara wọn. Ìgbìmọ̀ jókòó ní Paris, Rọ́ṣíà sì san £66,000. "The Dogger Bank Outrage" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bí mo bá ń tú u, n kò ní kọ "ìwà ìkà", nítorí ìyẹn ti dá ẹjọ́ ohun tó wà lọ́kàn wọn. "Ìkọlù Dogger Bank" tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Tottenham ní London lè ti gbọ́ "Tottenham Outrage" nítòsí yín. Ọjọ́ 23 oṣù Kíní 1909 ni. Ọkùnrin méjì láti Latvia ja owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan gbà ní Chesnut Road, £80 ni, ọlọ́pàá àti ará àdúgbò sì lé wọn fún nǹkan bí wákàtí méjì, àwọn olè náà tilẹ̀ já tram, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, gbà nínú eré náà. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ William Tyler kú, ọmọ ọdún 10 kan tó ń jẹ́ Ralph Joscelyne náà kú, àwọn olè méjèèjì sì kú lẹ́yìn náà. Fún èyí, "ìdigunjalè Tottenham" ni Yorùbá tó já gaara jù. Ẹnikẹ́ni tó bá kà á yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀

Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1865 láti bójú tó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Freedmen's Bureau ni wọ́n ń pè é, Ọ̀gágun Oliver Otis Howard ló wà nípò olórí rẹ̀, ó sì wà títí di 1872. Àwọn aṣojú rẹ̀ ní Georgia, Louisiana àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní gúúsù ń kọ ìwé ìròyìn tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "murders and outrages". Ẹ ka ojú ewé kan, ẹ óò rí orúkọ ẹni tí wọ́n ṣe é sí, orúkọ ẹni tó ṣe é bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ṣe: ó nà án, ó yìnbọn lù ú, ó lé e kúrò lóko lẹ́yìn ìkórè láìsan owó rẹ̀, wọ́n sun ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ. Orí àwọn ènìyàn dúdú ni iṣẹ́ láabi yìí ti ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ ọ́ sílẹ̀, "outrage" sì ni ó pè é.

Láàárín ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ìwé ìròyìn gúúsù Amẹ́ríkà ti yí ọ̀rọ̀ yìí padà kojú àwọn ènìyàn dúdú kan náà. Ìwé ìròyìn ìgbà yẹn kì í fẹ́ kọ ìfipábánilòpọ̀ ní gbangba. "Outrage" ni wọ́n fi ń bò ó. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n kọ pé ẹnìkan "outraged" obìnrin kan, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ ìbòjú yìí kan náà ni wọ́n fi ń dá àwọn jàǹdùkú láre nígbà tí wọ́n bá so ọkùnrin dúdú kọ́ igi láìsí ẹjọ́, láìsí ẹlẹ́rìí.

Ida B. Wells ni ẹni tó tú àṣírí náà jùlọ. Akọ̀ròyìn obìnrin dúdú ni, ní Memphis. Ní oṣù Kẹta 1892, àwọn jàǹdùkú pa Thomas Moss, ọ̀rẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Calvin McDowell àti Will Stewart. Ṣọ́ọ̀bù People's Grocery ló fa wàhálà náà: ṣọ́ọ̀bù wọn ń gba oníbàárà mọ́ aláwọ̀ funfun kan tó ń ta ọjà nítòsí wọn lọ́wọ́, ìjà ibẹ̀ ló sì gbé wọn dé àtìmọ́lé tí wọ́n ti wọ́ wọn jáde lọ pa. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n fọwọ́ kan obìnrin kankan. Wells bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìwádìí, ó ṣírò rẹ̀ pé nínú 728 ènìyàn dúdú tí àwọn jàǹdùkú pa, ìdámẹ́ta péré ni wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn, ká má tíì sọ ti ẹ̀rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nígbà tí kò sí nílé, wọ́n fọ́ ilé ìtẹ̀wé rẹ̀. Kò padà sí Memphis láti máa gbé ibẹ̀ mọ́. Ní 1893 àti 1894 ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sọ fún wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni ògbufọ̀ yóò ṣe bí irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá wà níwájú rẹ̀? Bí ẹ bá kọ "ó fipá bá obìnrin náà lòpọ̀" bẹ́ẹ̀ lásán, ẹ ti bá àwọn tó pa á jẹ́rìí. Bí ẹ bá kọ "ó ṣe láabi", ẹ ti fi aṣọ mìíràn bò ó, òǹkàwé Yorùbá kò sì ní mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi pa ènìyàn. Ẹ kọ ọ́ ní kíkún, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró lọ́rùn ẹni tó sọ ọ́: "Ìwé ìròyìn náà ní ó fipá bá obìnrin aláwọ̀ funfun kan lòpọ̀." Gbólóhùn kúkúrú yẹn, "ìwé ìròyìn náà ní", kò gbọdọ̀ já bọ́, bó ti wù kí àyè yín kéré tó. Ìpànìyàn tó tẹ̀ lé e ńkọ́? "Wọ́n pa á láìṣẹjọ́" ni kí ẹ kọ sí i. Ẹ má kọ "wọ́n fìyà jẹ ẹ́" nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì pè é ní "punishment".

Ìgbà mìíràn wà tí obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń kérora, tí ìwé sì lo "outrage" tí kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ohun tó yí i ká: ṣé dókítà wà níbẹ̀, ẹ̀sùn wo ni wọ́n kà sí ẹni náà létí ní kóòtù, ọdún mélòó ni adájọ́ fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n? Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣe kedere, "ó ṣe obìnrin náà níṣekúṣe" yóò gba ìtumọ̀ méjèèjì láìfi kún ohun tí ìwé sọ. Irú ìlò yìí ṣì wà láàyè nínú òfin Singapore, níbi tí "outrage of modesty" ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ gbé ènìyàn lọ sí kóòtù; inú òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún India ní 1860 ló ti bá wọn wá.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka Faransé

Àwọn ènìyàn wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní Togo máa ń rí "outrage" nínú Faransé, ìyẹn kò sì tíì di ìbínú rárá. Ìwọ̀sí ni. Bí ẹnìkan bá bú ọlọ́pàá lẹ́nu iṣẹ́, "outrage à agent" ni. Àfojúdi sí òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Paris ní 1857, agbẹjọ́rò ìjọba kan náà, Ernest Pinard, pe àwọn òǹkọ̀wé méjì lẹ́jọ́ pé ìwé wọn fi ìwọ̀sí kan ìwà ọmọlúàbí àwùjọ. "Outrage" ni ẹ̀sùn náà. Flaubert bọ́, wọ́n dá a sílẹ̀. Baudelaire kò bọ́: 300 franc ni wọ́n ní kó san, wọ́n sì ní kó yọ ewì mẹ́fà kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ọdún 1949 ni ilé ẹjọ́ tó wá fagi lé ìdájọ́ yẹn, nígbà tí òkú rẹ̀ ti jẹrà tipẹ́.

Ọdún 1949 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Geneva lórí ogun. Abala kẹta rẹ̀ ka "outrages upon personal dignity" léèwọ̀ sí ẹni tí kò jagun mọ́, ó sì ṣàlàyé pé ìdójútì àti ìtàbùkù ènìyàn wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n tú u sí "ìbínú sí iyì ènìyàn", ó sì dùn mí, nítorí pé ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò ní àtìmọ́lé ogun ni gbólóhùn yẹn ń gbà sílẹ̀. "Títàbùkù iyì ẹ̀dá ènìyàn" ni. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà Faransé àdéhùn náà wò ó: "atteintes" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbínú kankan nínú.

Bí a ṣe ń fi ṣe iṣẹ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé Freedmen's Bureau. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí FamilySearch, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì fún ìwádìí ìtàn ìdílé, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni. Ìwé ọwọ́ ni, ó máa ń ṣòro kà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ẹjọ́ kan. Ẹ fi ìka bo "outrage" lórí ìwé náà, kí ẹ ka ìyókù. Ẹ kọ sórí bébà ẹni tó ṣe é, ẹni tí wọ́n ṣe é sí, àti ohun tí ọwọ́ ṣe, ní ọ̀rọ̀ ìṣe: ó nà, ó lé, ó sun, ó yìnbọn, ó pa. Ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn ni ìtumọ̀ yín. "Iṣẹ́ láabi", "ìkọlù", "ìwọ̀sí" wà fún àkọlé àti fún ibi tí ìwé kò ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sí ìsàlẹ̀ ewé pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kọ ìwé náà, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ìyà jẹ bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, bí aṣojú ìjọba bá tilẹ̀ ṣi sípẹ́lì rẹ̀ kọ, torí pé ìwé yẹn lè jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ti rí i. Bí wọ́n bá kọ iye pàṣán, ẹ kọ iye náà. Bí wọ́n bá kọ pé ọlọ́pàá kò mú ẹnikẹ́ni, ìyẹn náà wà lára ẹjọ́ tí ẹ ń tú, ẹ má fò ó.